Ogójì Ọjọ́ Ìyálọ́mọ: Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Abiyamọ àti Ìkókó Nílé

Nílẹ̀ Yorùbá, obìnrin tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ kì í dá gbé. Ìyá rẹ̀ tàbí ìyá ọkọ rẹ̀ á di ẹrù, á wá bá a gbé fún ogójì ọjọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn á wẹ ọmọ láàárọ̀ àti lálẹ́, wọn á fi omi gbígbóná tọ́jú ìyá, wọn á se ọbẹ̀ aláta fún un, wọn ò sì ní jẹ́ kó gbálẹ̀ tàbí kó fọṣọ. Ìtọ́jú gidi nìyẹn. Ilé ìwòsàn tó dára jù lọ kò ní ẹni tó máa jókòó ti abiyamọ lóru fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìdí nìyẹn tí inú wa kì í fi í dùn tí òṣìṣẹ́ ìlera bá sọ fún ìyá àgbà pé kó gbàgbé gbogbo ohun tó mọ̀. Ohun tó yẹ kó máa ṣe lọ pọ̀ gan-an, ohun tó yẹ kó jáwọ́ nínú rẹ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba yẹn lè pa ọmọ tàbí ìyá. A ó mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹrù tí ẹ ó ti tò sílẹ̀

Kí oyún tó pé oṣù mẹ́sàn-án, ẹ ra báàfù méjì, ọ̀kan fún ìyá, ọ̀kan fún ọmọ, ẹ má sì pa wọ́n pọ̀. Ẹ wá aṣọ òwú rírọ̀ bíi mẹ́fà, ọ̀já méjì, òrí tí wọn ò po nǹkan kan mọ́, ọṣẹ tí kò ní lọ́fínńdà, tẹmọ́mítà kan, páàdì ńlá, àti jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine 7.1% tí wọ́n ń fi sí ìwọ́ ọmọ. Ẹ fọ gbogbo aṣọ ọmọ, títí kan èyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti lò rí, ẹ sá a sí oòrùn, ẹ sì fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́.

Ibi aṣọ yìí ni àṣìṣe ńlá kan ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Káńfọ̀ funfun róbótó tí a ń jù sínú àpótí kí kòkòrò má baà jẹ aṣọ kò gbọ́dọ̀ kan aṣọ ìkókó. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa, pàápàá àwọn ọkùnrin, ni èròjà kan tí wọ́n ń pè ní G6PD kò pé nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Kò hàn lójú, ìyá kò sì lè mọ̀. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá fa òórùn káńfọ̀ símú, tàbí tó wọlé láti ara aṣọ, sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa fọ́, ojú àti ara rẹ̀ á pọ́n bí ẹni tó ní ibà pọ́njú. Bí pípọ́n yẹn bá pọ̀ tó fi dé ọpọlọ, ọmọ lè kú, tàbí kó di adití, tàbí kó má lè jókòó fúnra rẹ̀ láé. Aṣọ tó ti wà nínú káńfọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a títí òórùn á fi lọ pátápátá. Bí òórùn bá kù, ẹ má lò ó. Àtíkè àti ìpara tó ní mẹ́ńtọ́ọ̀lù, ẹ má fi wọ́n súnmọ́ ọmọ tuntun.

Omi gbígbóná fún ìyá

Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ń tu ojú ara tó ya nínú, ó ń jẹ́ kí ó jinná láìrùn, ó sì ń jẹ́ kí ìyá lè tọ̀ láìsunkún. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́rìnlélógún tó ti bímọ ló lè bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bu omi tútù sínú báàfù kí ẹ tó da èyí tó hó lé e. Bí ẹ bá ṣe é ní òdìkejì, omi híhó nìkan ló máa wà nílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bí ọmọdé ṣe ń bó nìyẹn. Ìyá fúnra rẹ̀ ni kó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí kò bá lè fi ọwọ́ sínú rẹ̀ kí ó ka ení dé ogún, ó ti gbóná jù. Kí ó jókòó sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, kí ó fi aṣọ mímọ́ tẹ ibẹ̀ gbẹ, kí ó sì pààrọ̀ páàdì. Ṣíbí iyọ̀ kan kò burú, ṣùgbọ́n omi gan-an ló ń ṣiṣẹ́. Álọ́ọ̀mù àti oògùn apakòkòrò tí a fi ń nu ilẹ̀ kò gbọ́dọ̀ débẹ̀: wọ́n ń jẹ ojú ọgbẹ́ ni.

Omi tó gbóná jù ń ṣí iṣan ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè pọ̀ sí i, òyì sì lè kọ́ ìyá kó ṣubú nínú balùwẹ̀. Nítorí náà kí ẹnì kan wà nítòsí, kí wọ́n má ti ilẹ̀kùn. Ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún kò ní jókòó nínú omi títí ojú abẹ á fi jinná, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Kí ó wẹ̀ lórí ìnàró, kí ó sì jẹ́ kí ojú abẹ gbẹ dáadáa.

Bí òtútù bá mú abiyamọ, aṣọ àti ibọ̀sẹ̀ ni kẹ́ ẹ fún un. Ẹ má gbé ìkòkò èédú tó ń jó sínú yàrá tó tì. Èéfín rẹ̀ tí kò ní òórùn ń pa ìyá àti ọmọ lójú oorun.

Ikùn àti ọ̀já

Lọ́jọ́ tí obìnrin bímọ, ilé ọmọ á wà ní ọ̀gangan ìdodo, yóò sì le bí ọsàn tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Lójoojúmọ́ ni yóò máa sọ̀ kalẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kan, tó bá sì fi máa di ọjọ́ kẹwàá sí ìkẹrìnlá, ọwọ́ kò ní bá a mọ́. Àgbẹ̀bí tó mọṣẹ́ ń fi èyí mọ̀ bóyá nǹkan ń lọ déédéé. Bí ó bá rọ̀ bí ẹ̀kọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń dà, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ pa á yíká títí á fi le, kí ìyá tọ̀, kí ẹ gbé ọmọ sí ọmú, kí ẹ sì máa lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má dúró wò ó.

Inú tó ń run abiyamọ nígbà tí ọmọ bá ń mu ọmú, ilé ọmọ ló ń sún kì. Ó máa ń pọ̀ jù fún ẹni tó ti bí méjì, mẹ́ta. Aṣọ tí a rì sínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́, tí a fún, tí a gbé lé ikùn fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ń ràn án lọ́wọ́. Ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tẹ ikùn rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ọ̀já dára fún ẹ̀yìn. Ẹ fi èyí tó fẹ̀ di í, láti egungun ìbàdí dé ìdodo, kí ìka méjì lè wọ abẹ́ rẹ̀. Kí ìyá tú u nígbà tó bá jẹun àti nígbà tó bá fẹ́ sùn. Bí ó bá fún jù, kì í jẹ́ kí èèyàn mí kanlẹ̀, gbogbo ẹrù inú á sì máa tẹ ìsàlẹ̀ tó ṣì ń ro ó. Oṣù mélòó kan ló máa ń gba ikùn kí ó tó wọlé. Ọ̀já kò lè sá ṣíwájú rẹ̀.

Ohun tí ìyá ń jẹ

Ọbẹ̀ aláta tí a fi ẹja se dára púpọ̀, nítorí omi àti ẹja inú rẹ̀. Fún èèyàn méjì, ẹ lo ẹja àrọ̀ kílò kan, omi lítà kan ààbọ̀, ẹ̀rù mẹ́ta tí ẹ fọ́ díẹ̀, ìyere lílọ̀ ṣíbí tíì kan, àlùbọ́sà ńlá kan, ata rodo kan tàbí méjì, àti ewé efínrín ẹ̀kúnwọ́ kan. Ẹ fi omi gbígbóná àti iyọ̀ fọ ẹja kí ara rẹ̀ má yọ̀ mọ́. Ẹ se omi pẹ̀lú ẹ̀rù, ìyere, ata àti àlùbọ́sà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ kó ẹja sí i fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ má rò ó kó má baà fọ́, ẹ já efínrín sí i gbẹ̀yìn. Ẹ fi iyọ̀ sí i níwọ̀n.

Wọ́n máa ń sọ pé ata ló ń lé ẹ̀jẹ̀ ìdọ̀tí jáde. Ẹ̀jẹ̀ ìbímọ kò nílò ẹni tó máa lé e. Ó máa ń pupa fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, á wá ṣì, á di bí omi funfun, ó sì máa ń dá láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Nítorí náà ẹ má fi ata jó ìyá lẹ́nu.

Obìnrin tó ń fún ọmọ lọ́mú nílò oúnjẹ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìgbà kan sí i lójúmọ́ ju ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀kọ gbígbóná nìkan kò tó, àgbàdo lásán ni. Ẹ fi mọ́ínmọ́ín tàbí àkàrà tì í, tàbí kí ẹ po ẹ̀pà lílọ̀ mọ́ ọn. Àmàlà pẹ̀lú ewédú àti ẹja gbígbẹ, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ẹ̀dọ̀, ẹ̀wà, ẹyin: kó jẹ gbogbo wọn. Èèwọ̀ tó ní kí abiyamọ má jẹ ẹyin tàbí ẹran, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó dà lọ nígbà ìbímọ ni oúnjẹ yẹn máa dá padà. Oògùn ẹ̀jẹ̀ aláyọ́ọ̀nù (iron) tí wọ́n fún un kò gbọ́dọ̀ dúró lọ́jọ́ tó bímọ, kó máa lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá, kó má fi tíì gbé e mì. Kán-ún púpọ̀ nínú oúnjẹ kò dára fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru. Ní agbègbè Zaria níbi tí àwọn abiyamọ ti máa ń mu kunu oníkán-ún, tí wọ́n sì ń sùn lórí ibùsùn tí a dáná sí lábẹ́, ó ti pẹ́ tí àwọn dókítà ti fura pé ó wà lára ohun tó ń dá kún àìsàn ọkàn tó ń kọlu ìyálọ́mọ.

Ìwẹ̀ ọmọ

Ẹ jẹ́ kí wákàtí mẹ́rìnlélógún kọjá kí ẹ tó wẹ̀ ẹ́. Ọ̀rá funfun tó wà lára rẹ̀ ń dáàbò bo awọ rẹ̀, ẹ má fi kànìnkànìn ha á. Àwọn àgbà máa ń bẹ̀rù pé bí a kò bá fọ ọmọ kanlẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ara rẹ̀ á máa rùn tó bá dàgbà. Òórùn ara kò bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ọmọ bá ń bàlágà ni òógùn abíyá ń bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Òtútù tó mú ọmọ tí a wẹ̀ kíákíá ló yẹ kó bà wá lẹ́rù, nítorí ọmọ tí ara rẹ̀ bá tutù kì í ní agbára láti fa ọmú.

Ẹ ti fèrèsé. Ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ máa lò sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín kí ẹ tó tú aṣọ ọmọ. Omi tútù ṣáájú, gbígbóná tẹ̀lé e, kí ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ dán an wò: kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó má jó yín. Jíjókòó sórí àpótí kékeré, kí ẹ na ẹsẹ̀, kí ẹ tẹ́ ọmọ sórí ojúgun, dára ju kí ẹ gbé e sínú báàfù tó jìn, nítorí ọwọ́ yín méjèèjì á gbà á. Ojú ló ṣáájú, láìsí ọṣẹ: òwú kan fún ojú kan, láti ìhà imú lọ sí ìhà etí. Lẹ́yìn náà orí, ọrùn, abíyá, ibi tí itan ti pàdé, kí ìdí kẹ́yìn. Ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá ti tó. Ẹ nù ún gbẹ, pàápàá àárín ìpapọ̀ ẹran ọrùn, ibẹ̀ ló máa ń bó tí omi bá kù síbẹ̀.

Ẹ fi òrí díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ títí á fi yọ́, kí ẹ wá fi fọwọ́ ra ọmọ láti èjìká dé ọwọ́, láti itan dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pàdé lórí àyà, ẹ ṣí i padà. Ẹ ká orúnkún rẹ̀ wá sí ikùn, ẹ nà án padà. Lẹ́ẹ̀mẹta-mẹ́rin ti tó. Ẹ fi ìka méjì ra ikùn yíká bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, ó ń tú afẹ́fẹ́ inú sílẹ̀. Ohun tí àwọn ìyá wa ń ṣe láti ayébáyé nìyí, ó sì tọ́. Ọmọ tí a bá ń fọwọ́ ra báyìí máa ń sùn.

Ohun tí a ó yọ kúrò nínú rẹ̀ rèé. Fífi ọwọ́ kan gbé ọmọ kọ́ tàbí dídi ẹsẹ̀ rẹ̀ mú kó dorí kodò lè yẹ̀ ẹ́ ní eegun. Jíjù ú sókè tàbí mímì í jìgìjìgì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dà sínú ọpọlọ rẹ̀, nítorí ọrùn rẹ̀ kò tíì gbé orí. Fífi aṣọ gbígbóná tẹ orí kó lè rí róbótó ń bó o. Orí tí ọ̀nà ìbí fún gùn máa ń padà fúnra rẹ̀. Bí ọmú ìkókó bá wú, lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ má fún un. Ara ìyá rẹ̀ ló ti wá, á lọ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó bá fún un máa sọ ọ́ di oówo. Ẹ má da omi tàbí àdín sí i nímú.

Ìwọ́

Ẹ fọ ọwọ́ yín pẹ̀lú ọṣẹ. Ẹ fi jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine pa orí ìwọ́ àti ìdí rẹ̀ tó so mọ́ ikùn, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ fún ọjọ́ méje. Ẹ sé ìlédìí sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè kàn án. Láàárín ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó máa ń já. Òògùn ojú kọ́ ni jẹ́ẹ̀lì yìí, ọmọ tí wọ́n ṣèèṣì kán an sí lójú lè fọ́jú. Nítorí náà ẹ má kó o pọ̀ mọ́ oògùn mìíràn. Ọṣẹ ìfọyín, itọ́, eérú, àdín, iyọ̀ àti aṣọ tí a fi iná yá, kò sí èyí tó yẹ ìwọ́ nínú wọn. Kòkòrò tẹ́tánọ́ọ̀sì ń gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wọlé: ọmọ tó ń mu ọmú dáadáa á kàn rí i pé ẹnu rẹ̀ dì, ara rẹ̀ á le gbagidi. Bí ìdí ìwọ́ bá pupa, tó ń rùn, tàbí tó ń ṣe ọyún, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Ọmú, àgbo, àti àwùjẹ̀

Kí ọmọ wà lẹ́nu ọmú láàárín wákàtí kan tí a bí i. Omi ọmú àkọ́kọ́ tó ki, tó pọ́n, kò bàjẹ́. Òun ni àjẹsára àkọ́kọ́ tí ọmọ gbà. Kékeré ni, ṣùgbọ́n inú ọmọ ọjọ́ kan kò gbà ju ṣíbí tíì kan lọ. Ọmọ tuntun á mu ọmú lẹ́ẹ̀mẹjọ sí ìgbà méjìlá láàárín ọ̀sán àti òru. Láti ọjọ́ karùn-ún tàbí ìkẹfà, bí ó bá ń tọ̀ tó ìgbà mẹ́fà lójúmọ́, ó ń yó. Ó lè rù díẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kó sì padà sí ìwọ̀n rẹ̀ tó bá fi máa pé ọ̀sẹ̀ méjì.

Fún oṣù mẹ́fà, kò sí omi, kò sí glucose, kò sí àgbo. A mọ̀ pé èyí ló ṣòro jù fún ìyá àgbà láti gbà. Ẹ ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹnikẹ́ni kò wọn àgbo, a kò mọ iye tó máa wọ inú ọmọ tí kò tíì wúwo tó kílò mẹ́rin. Omi tí a fi sè é lè má mọ́. Tí a bá sì ń rọ ọmọ, tí a dí i nímú kó lè gbé e mì, ó lè gba ọ̀nà èémí lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Bí màmá bá fẹ́ fi ewé ṣe nǹkan dandan, efínrín tó wà nínú ọbẹ̀ ìyá ọmọ ti tó.

Bí àwùjẹ̀ ọmọ bá wọlé, wọ́n á ní òká orí ni, wọ́n á fi ewé gígún lé e. Àwùjẹ̀ tó jìn wọlé ń sọ pé omi ti tán lára ọmọ, pàápàá tó bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru tàbí tó ń bì. Ẹ fún un lọ́mú, ẹ máa lọ sí ilé ìwòsàn. Èyí tó wú sókè nígbà tí ọmọ kò sunkún, pẹ̀lú ara gbígbóná, ohun pàjáwìrì ni.

Ojú pípọ́n: awọ dúdú máa ń bò ó mọ́lẹ̀, nítorí náà ẹ wo funfun ojú, èrìgì, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Bí ó bá yọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an, tàbí tó ti dé àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ má sá ọmọ sóòrùn, ẹ má fún un ní omi ewé ìbẹ́pẹ. Iná aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ní ní ilé ìwòsàn ni oògùn rẹ̀, wákàtí díẹ̀ sì lè ya ọmọ tó gbádùn sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó di aláàbọ̀ ara.

Ọjọ́ kẹjọ

Níbi ìsọmọlórúkọ, obì, orógbó, atare, iyọ̀, omi, oyin, gbogbo wọn lè wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń wà. Ẹ kàn má fi oyin sí ọmọ lẹ́nu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ìka ni. Oyin lè ní kòkòrò tó ń mú kí iṣan ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan rọ, títí kò fi ní lè mí. Kí a gbé e hàn án, kí a wúre sí i, kí bàbá, ìyá àti àwọn àgbà tọ́ ọ wò fún un. Tìróò náà, nítorí òjé tó wà nínú rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ dé ojú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kọlà fún ọmọkùnrin, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Dídá abẹ́ fún ọmọbìnrin kò ní àǹfààní kankan, òfin Nàìjíríà ti ọdún 2015 sì ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀.

Ọkàn ìyá

Ẹkún láìnídìí láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkẹwàá wọ́pọ̀. Oorun àti ẹni tó máa bá a gbé ọmọ ló máa ń tán an. Bí ìbànújẹ́ bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, tí kò fẹ́ rí ọmọ, tí kò lè sùn nígbà tí ọmọ ń sùn, kó rí dókítà. Àbísínwín yàtọ̀ sí méjèèjì. Ó máa ń dé lójijì, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́: á máa gbóhùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní sopọ̀, ó lè rò pé ọmọ kì í ṣe tòun. Ẹ má fi òun àti ọmọ sílẹ̀ nìkan fún ìṣẹ́jú kan, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ó ń san. Ẹ má na án, ẹ má dè é mọ́lẹ̀. Ní 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Aro, Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ ti ń gbé nílé àwọn ará abúlé, tí ẹbí kan wà lọ́dọ̀ wọn tó ń se oúnjẹ fún wọn, tí wọ́n sì ń gba ìtọ́jú ilé ìwòsàn. Ẹbí tó wà nítòsí jẹ́ apá kan ìtọ́jú náà nígbà yẹn. Ohun kan náà ni ìyálọ́mọ nílò.

Ìgbà tí a kò gbọ́dọ̀ dúró

Fún ìyá: páàdì tó rin gbingbin láàárín wákàtí kan, orí fífọ́ tó le pẹ̀lú ojú tó ń ṣú, gìrì, èémí tó ń há tàbí tí kò lè sùn àfi kó jókòó, ara tó gbóná kọjá 38°C, ẹ̀jẹ̀ tó ń rùn, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó wú tó sì ń dùn ún. Ẹ̀jẹ̀ ríru lè dé lẹ́yìn ìbímọ, kódà títí di ọ̀sẹ̀ kẹfà, nínú ẹni tí kò ní in nígbà oyún. Fún ọmọ: kò mu ọmú, gìrì, ara tó gbóná tó 38°C tàbí tó tutù ju 35.5°C lọ, èémí tó lé ní ọgọ́ta ní ìṣẹ́jú kan, igbá àyà tó ń wọlé tó bá ń mí, tàbí tí kò mira àfi tí a bá jí i.

Bí nǹkan kan kò tilẹ̀ ṣe wọ́n, kí nọ́ọ̀sì tàbí àgbẹ̀bí rí àwọn méjèèjì láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún, láàárín wákàtí méjìdínláàádọ́ta sí méjìléláàádọ́rin, láàárín ọjọ́ keje sí ìkẹrìnlá, àti ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ìkókó ń gba abẹ́rẹ́ BCG tó ń dènà ikọ́ ẹ̀gbẹ, ti hepatitis B (àìsàn ẹ̀dọ̀) àti oògùn rọpárọsẹ̀ tí a ń kán sẹ́nu nígbà tí a bá bí i. Ọ̀sẹ̀ kẹfà ni àwọn tó kàn. Ìgbà yẹn bọ́ sí ẹ̀yìn ogójì ọjọ́ gẹ́lẹ́. Kí ìyá àgbà bá wọn lọ kó tó padà sílé rẹ̀, kí ó gbé ọmọ dání, kí ìyá ọmọ lè ráyè bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ nípa ìfètòsọ́mọbíbí láìkánjú.